Mo Jẹ́ Ìpè Ọláwùmí

Orúkọ tí Brọ́dà Julius fún mi ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Ọláwùmí Ọdẹ́tọ́lá. Ó kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, ó fi lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Kà á kí n gbọ́," ó ní.

"Ọláwùmí Ọdẹ́tọ́lá."

"Bí màdáàmù tó ń bọ̀ láti Ìkẹjà bá pe orúkọ yìí, kí lo máa sọ?"

"Pírẹ́sẹ́ǹtì, mà."

"Jẹ́ kó jáde dáadáa, jàre. O ń sọ ọ́ bí ẹni tí ebi ń pa."

"Ebi ń pa mí lóòótọ́, sà."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Àwa mẹ́tàlélógún la wà nínú yàrá tí wọ́n ń kó àga fífọ́ sí, lẹ́yìn gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan ní Ìkọ̀tún. Wọ́n ta aṣọ kan sáàárín àwa ọmọbìnrin àti àwọn ọmọkùnrin, a ń bọ́ aṣọ ilé wa, a ń wọ aṣọ ilé-ìwé tí kì í ṣe tiwa. Títí, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ akọrin, ń de bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó di bébà tirẹ̀ mú sínú ìkúùkù. Brọ́dà Julius ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi bébà rẹ̀ han ẹnì kejì, kí orúkọ má bàa dàrú mọ́ wa lójú.

"Ta ni Ọláwùmí, sà?" mo béèrè.

"Orúkọ lásán ni. Ṣé orúkọ máa ń jẹ ènìyàn ni? Wọ aṣọ rẹ."

Ilẹ̀kùn ṣí, Ọ̀gbẹ́ni Adéolú tó ni ilé-ìwé náà wọlé. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀ dé. Ó rìn yí wa ká bí ẹni tó ń wo ẹran lọ́jà. Ó tún kọ́là ọmọkùnrin kan ṣe. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹsẹ̀ mi ló wò.

"Bàtà eléyìí ti jẹ jù. Fi í sẹ́yìn," ó sọ fún Brọ́dà Julius. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí gbogbo wa. "Ẹni tó bá dáhùn dáadáa á jẹ ìrẹsì. Ẹni tó bá ṣì í dáhùn, kó má dúró de oúnjẹ mi."

Kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Lọ́dún tí mo parí ìwé mẹ́fà, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé àwọn máa san owó ilé-ìwé aládàáni fún àwọn ọmọ tó mọ̀wé tí òbí wọn kò lówó, nítorí pé ilé-ìwé ìjọba kò gba èrò mọ́ lágbègbè wa. Sikọ́láṣíìpù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ yóò yan ilé-ìwé kan, yóò ṣe ìdánwò. Bó bá yege, ìjọba yóò fi orúkọ rẹ̀ àti owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ìwé náà, kí òbí lọ wò ó níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọ̀gbẹ́ni Adéolú ni mo yàn.

Ilé-iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ti dá a dúró nígbà náà pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún èèyàn míì. Ìyá mi ń sẹ́ ògì, èmi ni mo sì ń gbé e kiri Ìgàndó kí n tó lọ sílé-ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi fẹsẹ̀ rìn láti Ìgàndó dé Ìkọ̀tún láti lọ wo orúkọ mi. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ìwé kò tíì dé. Nígbà kejì, wọ́n ní kó padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà kẹta, òjò ń rọ̀, ó dúró lójú fèrèsé akọ̀wé, ó ṣí fìlà rẹ̀, wọ́n ṣí ìwé kan, wọ́n pa á dé, wọ́n ní, "Orúkọ ọmọ yín kò jáde." Bàtà rẹ̀ ọ̀tún já lọ́nà. Inú ọ̀rá ló gbé e sí wálé.

Bàbá mi kò nà mí. Ó kàn wò mí, ó ní, "Kẹ́mi, mo rò pé o mọ̀wé."

Ọdún kan àti oṣù márùn-ún ni gbólóhùn yẹn fi bá wa gbé yàrá kan náà. Bí mo bá tan àtùpà láti kàwé, ìyá mi á ní kí n má jó epo dànù. Bí àlejò bá béèrè bí mo ṣe ń ṣe sí níléèwé, bàbá mi á yí ọ̀rọ̀ padà. Mo wọ ilé-ìwé ìjọba. Àádọ́fà ni wá ní kíláàsì kan, búlọ́ọ̀kù ni mo fi ṣe àga. Lọ́dún kejì, àwọn olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti géètì pa.

Ìgbà ìyanṣẹ́lódì yẹn ni Brọ́dà Julius mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Òun ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun níbi tí a kì í ti wọ bàtà. Ó tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọ̀gbẹ́ni Adéolú. Lẹ́yìn ìdánrawò orin ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní kí díẹ̀ nínú wa dúró.

"Àwọn tó ṣe ìdánwò sikọ́láṣíìpù lọ́jọ́sí nìkan ni mo fẹ́," ó ní. "Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ń bọ̀ wá ka orí àwọn ọmọ sikọ́láṣíìpù, àwọn kan kò sì ní lè wá. Ẹ kàn máa bá wọn jókòó. Ogún náírà, pẹ̀lú ìrẹsì ẹlẹ́ran."

"Ṣé kò ní sí wàhálà, sà?" Títí béèrè.

"Wàhálà wo? Èmi tí mo ń kọ́ yín ní orin Ọlọ́run, ṣé mo lè mú yín lọ sínú wàhálà?"

Mo mọ̀ pé kò dára. N kò ní sọ pé n kò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá mọ ohun tó ń jẹ́ irọ́. Ogún náírà wọ̀ mí lójú, àmọ́ kì í ṣe owó nìkan ló mú mi. Mo fẹ́ wọ aṣọ búlúù yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan péré. Mo sọ fún ìyá mi pé a ní ìdánrawò orin, mo sì tẹ̀lé wọn.

Ohun kan ṣì wà tí Brọ́dà Julius kò mọ̀. Kẹ́mi ni wọ́n ń pè mí nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, Kẹ́mi ọmọ Brọ́dà Festus. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó bí ìyá mi ló mú mi lọ síléèwé lọ́jọ́ tí mo wọ ìwé kìn-ín-ní, orúkọ tí òun sọ mí ló sì ní kí wọ́n kọ sílẹ̀: Morónkẹ́. Morónkẹ́ Akínlẹ́yẹ ni mo ń jẹ́ nínú gbogbo ìwé mi. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nínú gbọ̀ngàn, tábìlì kan ni wọ́n fún ọmọ kan. Mo fi ọwọ́ pa tèmi lára. Fáànù ń yí lókè orí wa. Àwọn ọmọ sikọ́láṣíìpù tòótọ́, àwọn méje, jókòó níwájú, wọn kò bojú wẹ̀yìn. Àwa tó kù kún ẹ̀yìn wọn. Gbogbo wa jẹ́ ọgbọ̀n.

Ìyáàfin Olúsànyà, màdáàmù ará Ìkẹjà náà, wọlé láago mẹ́wàá. Obìnrin kúkúrú ni, awò ojú rẹ̀ nípọn, awakọ̀ rẹ̀ sì gbé àpótí fọ́ọ̀mù tẹ̀lé e. Ọ̀gbẹ́ni Adéolú bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ wá mu nǹkan tútù ní ọ́fíìsì. Ó ní iṣẹ́ lòun kọ́kọ́ bá wá. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ láti inú ìwé gígùn kan, orúkọ ọmọ àti àdúgbò rẹ̀.

"Ọláwùmí Ọdẹ́tọ́lá, Ayọ̀bọ̀."

"Pírẹ́sẹ́ǹtì, mà."

Ó jáde dáadáa. Brọ́dà Julius mi orí sí mi láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìyáàfin Olúsànyà fi kálàmù sàmì, ó tẹ̀ síwájú. Mo ń ronú ìrẹsì. Ó pe orúkọ mẹ́ta sí i. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Morónkẹ́ Akínlẹ́yẹ, Ìgàndó."

Kí n tó la ẹnu, ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn mi.

"Pírẹ́sẹ́ǹtì, mà."

Ohùn Títí ni.

Mo kọ́kọ́ rò pé Morónkẹ́ Akínlẹ́yẹ mìíràn wà ní Ìgàndó. Mo wá ìyẹn kiri nínú ọkàn mi, n kò rí i. Èmi ni. Orúkọ mi jáde. Ó ti jáde láti ọdún kan àti oṣù márùn-ún, nígbà tí bàbá mi dúró nínú òjò tí wọ́n pa ìwé dé mọ́ ọn lójú. Mo yege. Wọ́n gba owó mi, wọ́n sì lé mi, nítorí pé ọmọ tí kò sí ní kíláàsì kì í lo tábìlì, kì í gba ìwé, kì í béèrè olùkọ́. Owó rẹ̀ nìkan ló máa ń wá.

Ìgbà náà ni òye kejì wọ̀ mí lára, ó sì burú ju èkíní lọ. Bí Morónkẹ́ bá jẹ́ ènìyàn, a jẹ́ pé Ọláwùmí náà jẹ́ ènìyàn. Ọmọ kan wà ní Ayọ̀bọ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ rò pé kò mọ̀wé, èmi sì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ìpè rẹ̀ yẹn, nítorí àwo ìrẹsì kan.

Mo dìde.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà. Orúkọ mi lẹ pè yẹn."

Ìyáàfin Olúsànyà gbójú sókè. "Èwo?"

"Morónkẹ́ Akínlẹ́yẹ, mà."

"Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé Ọláwùmí ni ọ́?"

"Èmi ni, mà. Irọ́ ni mo pa."

"Ẹ má dá a lóhùn, mà," Ọ̀gbẹ́ni Adéolú ní. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ibà ló ń ṣe é láti àná. A ti ní kó máa lọ sílé."

"Kẹ́mi, jókòó," Brọ́dà Julius sọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́ títí ó fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyáàfin Olúsànyà yí padà wò ó.

"Ọláwùmí, Morónkẹ́, Kẹ́mi," ó ní. "Ọmọ kan ṣoṣo. Tíṣà, ẹ ràn mí lọ́wọ́, èwo nínú rẹ̀ ni kí n sàmì sí?"

Ìyáàfin Olúsànyà ṣí àpótí, ó yọ fọ́ọ̀mù ìdánwò kan, ó sì ní kí Títí dìde.

"Ìwọ lo dáhùn Morónkẹ́. Kí ni orúkọ ìyá rẹ?"

Títí wo Brọ́dà Julius, ó wo ilẹ̀. "Títí ni mí, mà," ó ní. "Ẹ má bínú."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Abígẹ́ẹ̀lì Akínlẹ́yẹ ni ìyá mi, mà. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá ni olùkọ́ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi. Bírò pupa ló lò, torí ti búlúù tán."

Ìyáàfin Olúsànyà wo fọ́ọ̀mù náà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Pupa ni," ó ní. "Èló ni wọ́n fún ọ láti wá síbí?"

"Ogún náírà, mà. Wọn kò tíì fún wa."

Ìyáàfin Olúsànyà fi kálàmù lélẹ̀. Ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ tó dáhùn nawọ́. Àwọn méje iwájú nìkan ló nawọ́. Nígbà náà ló ní kí àwa tó kù kó bébà wa wá. Bébà mẹ́tàlélógún ló tò sórí tábìlì, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ló sì wà lára gbogbo wọn.

"Julius," Ọ̀gbẹ́ni Adéolú wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òróró, "kí lo ṣe sí mi yìí?"

Mo ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ láyé mi. N kò tíì gbọ́ èyí tó yára tó ìyẹn.

Mo jẹ́wọ́ nílé kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ìyá mi fi asẹ́ ògì sílẹ̀. "Wọ́n jí nǹkan, ìwọ lo bá wọn gbà á," ó ní. "Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á fún un. Ṣé o gbọ́ mi?" Mo ní mo gbọ́. Bàbá mi jẹ́ kí ìyá mi sọ tirẹ̀ tán.

"Tún un sọ," ó ní. "Wọ́n pe orúkọ rẹ?"

"Wọ́n pè é, bàbá."

"Nínú ìwé ìjọba?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ó mi orí lọ́pọ̀ ìgbà. "A jẹ́ pé o mọ̀wé," ó ní, ó sì jáde lọ dúró síwájú ilé.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Adéolú dúró sẹ́nu ọ̀nà wa. Orí àga kan ṣoṣo tí a ní ló jókòó sí. Àwa dúró.

"Bàbá Kẹ́mi, ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó di wàhálà," ó ní. "Wọ́n máa pe ọmọ yín sí Ìkẹjà kó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kó sọ òótọ́. Julius ló kó wọn wá, Julius ló fún wọn ní bébà. Àbí irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," bàbá mi ní. "Ó kàn ku díẹ̀ kó pé ni."

Ọ̀gbẹ́ni Adéolú ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Lọ́jọ́ Ajé, kó wá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ títí yóò fi jáde ìwé mẹ́wàá. Ìwé, aṣọ, oúnjẹ ọ̀sán." Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Àti bàtà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá síléèwé yín, ọ̀gá," bàbá mi ní.

"Mi ò mọ̀ yín rí, bàbá."

"Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀ mí. Èmi ni ọkùnrin tó ṣí fìlà nínú òjò." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ ni wọ́n jí ipò rẹ. Ìwọ ni kí o dá wọn lóhùn. Ohun tí o bá sọ, n kò ní bá ọ jà sí i."

Mo fẹ́ ẹ. Tábìlì yẹn, fáànù yẹn, ilẹ̀kùn yàrá sáyẹ́ǹsì tí mo rí ìgò dígí lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo ni ín nípa ẹ̀tọ́, ọkùnrin yìí sì ń fi ohun tó jẹ́ tèmi ta mí lọ́rẹ. Bí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n ó wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ẹnu mi ti fẹ́ ṣí.

"Ọláwùmí ńkọ́, sà?" mo béèrè.

"Ta ni Ọláwùmí?"

Kò díbọ́n. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Táàmù lẹ́yìn táàmù ni ìjọba ń san owó Ọláwùmí Ọdẹ́tọ́lá fún un, ó ń jẹ ẹ́, ó ń fi í ra epo sínú ọkọ̀ tó gbé wá sílé wa, orúkọ náà kò sì jọ nǹkan kan létí rẹ̀. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi débi pé ojora mi lọ.

"Ọmọ tí mo jẹ́ ìpè rẹ̀ ni, sà."

"Kí ló kàn ọ́ nínú ìyẹn? Ọ̀rọ̀ tìrẹ là ń sọ."

"N ó sọ gbogbo ohun tí mo rí, sà. Ẹ̀yin náà wọ yàrá yẹn. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi mí sẹ́yìn nítorí bàtà mi."

Ó dìde, ó gbọn eruku àga wa kúrò lára kóòtù rẹ̀. "Ẹ̀yin tálákà yìí," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká wá wò ó bóyá òtítọ́ yín á ra bàtà."

Mo sọ ọ́ bó ṣe rí ní Ìkẹjà, níwájú àwọn mẹ́rin tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Títí náà sọ tirẹ̀. Wọ́n yọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọ̀gbẹ́ni Adéolú kúrò nínú ètò sikọ́láṣíìpù. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ mẹ́tàlélógún tí wọ́n jí ipò wọn bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé mìíràn ní oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wọ aṣọ ilé-ìwé tó sì jẹ́ ìpè ẹlòmíràn, wọ́n ní kó dúró ọdún kan sí i. Èmi nìkan ni mo wà ní ìhà méjèèjì. Ọdún kan sí i.

Mo gbà pé mo ṣẹ̀. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni bí ọwọ́ wọn ṣe yá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi dá ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá lẹ́jọ́ tán. Ti Ọ̀gbẹ́ni Adéolú, wọ́n ní ìwádìí ń lọ. Ó ń lọ nígbà tó kun ilé-ìwé rẹ̀ lọ́dà tuntun. Ó ń lọ nígbà tó ra ọkọ̀ mìíràn. N kò gbọ́ pé ó dé ibì kankan.

Brọ́dà Julius ni wọ́n lé níṣẹ́. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kò kí wa mọ́, wọ́n ní a ba oúnjẹ ọmọ Ọlọ́run jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Ìsinmi kan.

"Oṣù mẹ́ta ni ọkùnrin yẹn kò fi sanwó fún mi, Kẹ́mi. Ó ní bí mo bá ṣe èyí, òun á san án. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni Morónkẹ́. Ká ní mo mọ̀ ni, ṣé mo jẹ́ ṣe é?"

"Ká ní ọmọ ẹlòmíràn ni ńkọ́, sà?"

Ó dúró síbẹ̀ láìwọ bàtà, nínú sùtánà rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. N kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Oṣù kẹjọ ni Ìyáàfin Olúsànyà sọ fún bàbá mi pé lẹ́tà kan padà wá. Àwọn tó kù ti gba tiwọn. Ti Ọláwùmí Ọdẹ́tọ́lá nìkan ni òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kò rí ibi jù sí, torí pé ilé tuntun ló pọ̀ ní Ayọ̀bọ̀, wọn kò sì ní nọ́ńbà. Bí oṣù bá parí tí kò sí ẹni tó yọjú, wọ́n máa fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

"N ó wá a lọ, bàbá," mo ní.

"Èmi náà ń bọ̀," ó ní.

Sátidé méjì la fi béèrè láti ilé dé ilé. Ilé tí wọn kò tíì kàn ní òrùlé, ilé tí koríko ti bò, ọ̀nà tí ọkọ̀ kò lè gbà. Ní Sátidé kejì, obìnrin kan nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ọmọbìnrin gíga kan ń pọn omi bọ̀ láti inú kànga, garawa wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun fún sìmẹ́ńtì.

"Ṣé ìwọ ni Ọláwùmí Ọdẹ́tọ́lá?"

"Ta ló ń béèrè?"

"Morónkẹ́ Akínlẹ́yẹ ni mí, láti Ìgàndó. O yege ìdánwò sikọ́láṣíìpù."

"Èmi kọ́," ó ní. "Ìyá mi lọ wò ó. Wọ́n ní orúkọ mi kò jáde. Mo ti fi ìwé sílẹ̀."

"Ó jáde."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo wo bàbá mi. Ó ń wo ibòmíràn. Kò ní bá mi sọ ọ́.

"Wọ́n pè é lójú mi. Èmi ni mo jẹ́ ẹ."

Ó sọ garawa kalẹ̀. Omi dànù díẹ̀. "Kí lo sọ?"

"Mo ní pírẹ́sẹ́ǹtì."

"Èló ni wọ́n ní àwọn máa fún ọ?"

"Ogún náírà."

"Ogún náírà." Ó nawọ́ sí garawa náà. "Garawa ogójì ni mo ń pọn kí n tó rí ogún náírà."

Mo na lẹ́tà tí Ìyáàfin Olúsànyà fi lé wa lọ́wọ́ sí i, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gbà á, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìka ọ̀rọ̀ kankan sókè. Nígbà tó parí, ó ní, "Níbo ni ọ́fíìsì yìí wà?"

Lọ́jọ́ Ajé, a jọ lọ sí Ìkẹjà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó dìde, ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ nípọn, kò jọ tèmi rárá. Ní oṣù kẹsàn-án ó wọ ilé-ìwé. Èmi wọ tèmi ní ọdún tó tẹ̀lé e, mo sì jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo fi ọdún méjì jù lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹni tó fẹ́ jí nǹkan ẹlòmíràn kì í sábà fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Á wá ọmọ tí ebi ń pa, á fún un ní aṣọ tó wù ú, á ní orúkọ lásán ni. Kò sí orúkọ lásán. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ jókòó sí ààyè kan kí ẹ sì dáhùn sí orúkọ kan, kí ẹ tó jókòó, ẹ bi í léèrè ibi tí ọmọ tó ni ààyè náà wà.